Ẹ kó àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ sọ, èyí tí àwa òbí máa ń san owó rẹ̀ nígbà tí táàmù kẹta bá ń parí lọ. Níbí ní Ọ̀yọ́, ibi kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó wọn lọ: ọgbà ẹranko ní Ìbàdàn, Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí ibi ìṣeré kan ní Èkó. Àwọn ibẹ̀ dára, àwọn ọmọ sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ rí nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, tí mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ fojú kàn. Ìlú náà ni Ẹ̀pẹ́, tó wà létí ọ̀sà.

Mo lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. A gba Ìbàdàn, a yà sí ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́, a kọjá Mámù àti Òrù, a wọ Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ ó di Ẹ̀pẹ́. Òórùn ẹja yíyan ti ń kí èèyàn káàbọ̀ kó tó rí omi rárá. Ní ọjà Olúwo, mo dúró ti ìyá kan tó ń ta ọ̀bọ̀kún. Ẹja náà ṣì ń jà nínú ọpọ́n. Ìyá yẹn fi ọwọ́ òsì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ka ṣéńjì oníbàárà, kò tiẹ̀ wo ẹja náà. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò mọ ẹja tútù jẹ o. Ẹ wá rà á kí ẹ lọ tọ́ ọ wò." Mo rà á, ó sì dùn.

Ìtàn ogun orí omi ló gbé mi débẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ ogun orí ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n mọ àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, wọ́n lè ka orúkọ Kúrunmí àti Ògúnmọ́lá fún yín láì mí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe jẹ́ tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bower fi yin ìbọn bo ìlú Aláàfin ní 1895, ẹ ó rí i pé wọ́n á máa wo ara wọn lójú ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán wa ní Ọ̀yọ́. Etí omi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá 1851, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì lé wọn padà. Wọ́n tún dé lóṣù Kejìlá, wọ́n mú ọkọ̀ púpọ̀ sí i wá. Ọ̀kan nínú wọn, Teazer, gúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí omi kò ti jìn, àwọn ará Èkó sì ń fi ìbọn àgbá tiwọn dá a lóhùn láti etí omi. Ogun Àgídìǹgbì ni àwọn ará Èkó ń pè é títí dòní. Nígbà tí ilé ń jó, tí nǹkan ò gún mọ́, Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó forí lé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà kó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Akítóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò tẹ́lẹ̀, padà sórí oyè l'Ékòó.

Kòsọ́kọ́ kò wá káwọ́ gbera o. Òun àti olórí ogun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, sọ Ẹ̀pẹ́ di ibùdó ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ gígùn ni, àwọn atukọ̀ á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ìbọn àgbá kékeré sí iwájú. Ní oṣù Kẹjọ 1853, wọ́n padà wọ Èkó, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dé ààfin. Ìbọn láti inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, HMS Waterwitch, ló dá wọn dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé Kòsọ́kọ́ kò ní bá wọn du Èkó mọ́, wọ́n sì fi òwò ṣíṣe ní èbúté Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún un. Ní 1862 wọ́n gbà á láyè láti padà sí Èkó. Ibi tí àwọn tó bá a padà tẹ̀dó sí ni Ẹpẹ́tẹ̀dó. Àwọn tó dúró sẹ́yìn ni ọmọ wọn ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe ọdún Káyó-káyó lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ má sọ pé èyí kò kan ará Ọ̀yọ́. Ọmọ Òṣoogùn ni Àjàyí Crowther, ìpínlẹ̀ wa yìí náà ni Òṣoogùn wà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Lọ́dún kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, HMS Myrmidon, gba òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ́wọ́ ọkọ̀ Potogí lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní 1851, Àjàyí yìí kan náà wà ní Ìlú Ọba, ó ń sọ fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bí òwò ẹrú ṣe ń lọ ní Èkó. Kí ọdún náà tó parí ni ìbọn dún. Ọ̀rọ̀ yìí ń wú mi lórí, ó sì ń dùn mí: ọkọ̀ ogun tó tú ọmọ wa sílẹ̀ àti èyí tó sun ilé àwọn ará Èkó, ti ìjọba kan náà ni.

Ó tún kan wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí òyìnbó gba ọ̀nà wọn kọjá sí òkè, ọ̀gágun Scott kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ láti Èkó ní oṣù Karùn-ún 1892. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gúnlẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò Yemọjí, wọ́n jà gidigidi, àmọ́ ìbọn Maxim, èyí tó ń yìn léraléra láìdúró, ń bẹ lọ́wọ́ òyìnbó. Bí ọ̀nà ṣe là nìyẹn. Ní oṣù Kejì 1893, Carter, Gómìnà Èkó, ti wà níwájú Aláàfin Adéyẹmí Kìíní pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Bower náà sì dé nígbà tó yá, ó di aṣojú wọn ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti wá bá wa.

Nítorí náà, nígbà tí mo dúró ní èbúté Ẹ̀pẹ́ tí mo ń wo bí omi ṣe tẹ́ lọ, ìtàn ìlú tèmi ni mo ń wò. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ nawọ́ sí omi tó ní "ibí ni wọ́n gbà wọlé," kò ní gbàgbé láé.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí á bẹ̀rù omi. Wọn ò jẹ̀bi. Kò pọn dandan kí ọmọ kankan wọ ọkọ̀. Èèyàn lè rí gbogbo rẹ̀ láti etí bèbè. Ilé ìwé tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́, kó rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kó sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárọ̀, kí atẹ́gùn tó dìde. Kí wọ́n tètè gbéra ní Ọ̀yọ́, nítorí ọ̀nà náà kì í ṣe kékeré.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí àwọn ilé ìwé tó pinnu ibi tí wọ́n máa lọ lọ́dún yìí. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá fẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ, mo ti ṣetán, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Òbí kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.