Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé lórí Ìbọn tí A ó Máa Fi Pa Ẹran Ọ̀sìn tó Fara Pa

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ọlọ́sìn ẹran àti alápatà ìlú yìí la kọ ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ kí ẹnu wa tó kò. Ìbọn apẹran méjì péré la ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ó wà lọ́wọ́ dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀. A ò fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, akọ màlúù kan já bọ́ látorí ọkọ̀ níbi tí a ti ń já ẹran sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì dá. Kò ṣeé sún mọ́. Ẹni tó bá gbé okùn, ìwo ló fi ń lé e. Ọ̀kan nínú wa bá sáré lọ pe bàbá ọdẹ kan. Bàbá gbé ṣakabùlà dé, ó fojú sun agbede méjì ojú ẹran náà, ó yìn ín. Èéfín ò tíì túká tí màlúù fi dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, ó sì gba orí láfún tí ìyá kan sá sílẹ̀ kọjá. Kí bàbá tó ki ẹ̀tù àti ọta tán lẹ́ẹ̀kejì, ojú ti ń ti gbogbo wa. Ìbọn kejì pa á, àmọ́ ọta kan ta lára kọ́ńkéré gọ́tà, ó sì bó ojúgun ọmọ kan. Ní àdúgbò kejì, wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn òbí ń sáré lọ kó ọmọ ní ilé ìwé, nítorí ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń sá sí ènìyàn lọ́kàn láyé yìí tí ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀mejì.

A ò dá bàbá ọdẹ lẹ́bi. Ẹran igbó ló mọ̀. Ibi tó fojú sun yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọpọlọ màlúù wà, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ló wà. Ẹ fa ìlà láti ojú ọ̀tún lọ sí ìdí ìwo òsì, kí ẹ tún fa òmíràn láti ojú òsì lọ sí ìdí ìwo ọ̀tún. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni. Ewúrẹ́ oníwo ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìwo ni wọ́n ti ń yìn ín, kí ó dojú kọ àgbọ̀n. Ẹlẹ́dẹ̀ ló le jù, pàápàá akọ tó ti dàgbà, nítorí egungun iwájú orí rẹ̀ nípọn.

Ìbọn apẹran tí a ń wí kì í yọ ọta. Irin kan ló wà nínú ẹnu rẹ̀. Tí kátíríìjì bá bú, irin náà á ta síwájú, á lu agbárí wọlé, á sì padà sáyè rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò fò lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Ìbọn ọlọ́ta kò gbọdọ̀ kan orí ẹran, ṣùgbọ́n èyí, ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pinpin. Ẹran á ṣubú lójú ẹsẹ̀, kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní ṣẹ́ tí a bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó lè má tíì kú o, dídá ló dá kú. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kíá. Kátíríìjì ewúrẹ́ kò sì lè ran akọ màlúù, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí wọn ò nù lẹ́yìn iṣẹ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Òfin Ìbọn ọdún 1959 dárúkọ irú ìbọn yìí, ó sì kà á mọ́ èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì kó tó ní in. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fi ọ̀rọ̀ odò ẹran sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ̀yin bá lọ bá àwọn ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ á ní ìwúwo ju kí alápatà kan lọ dá a sọ.

Àwọn Mùsùlùmí àárín wa béèrè bóyá irú ẹran bẹ́ẹ̀ ò ní di òkúǹbete. A fẹnu kò pé ẹran tó fara pa tàbí tó ń ṣàìsàn nìkan ni a ó máa lò ó fún. Ọ̀bẹ làwa ó ṣì máa fi pa ẹran ọjà lódò ẹran bí a ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí a ó fi dandan mú jẹ èyí tí ìbọn kàn. Ti aláìsàn tiẹ̀ rọrùn: ilẹ̀ la ó gbẹ́ sin ín, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ṣe tán láti san ìdajì owó ìbọn méjèèjì, kí ẹ bá wa san ìyókù, kí ẹ sì bá wa wá ẹni tí yóò kọ́ dókítà ẹran àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. A tún ń fẹ́ nọ́ńbà fóònù kan tí ènìyàn lè pè lóru, torí màlúù kì í yan ìgbà tí yóò dá lẹ́sẹ̀. Ojúgun ọmọ yẹn ti san, a sì ti fi owó àpò ẹgbẹ́ san láfún ìyá náà.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́