Ẹ má fi VPN sórí fóònù kọ̀ọ̀kan, orí ráútà ni kẹ́ ẹ gbé e sí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì èèyàn lè gbà kọjá, tẹ́ ẹ ní kí kálukú lọ gbé e sórí fóònù ẹ̀. Kò burú. Bá a ṣe mọ̀ ọ́n náà nìyẹn látìgbà tí ìjọba ti Twitter pa lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, oṣù méje tí àwọn ìyá arúgbó pàápàá fi mọ VPN bí ẹni mọ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ilé téèyàn mẹ́fà ń gbé, tàbí ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, orí ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, ló yẹ kó wà, ẹ ò sì fẹnu bà á rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, à ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àmọ́ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé gan-an ni táípù tá à ń bá àwọn kan ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́, àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ mi á tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn oníṣẹ́ yìí wá ní àwọn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé sójú iṣẹ́ àwọn mọ́ àfi tó bá ń ti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo wá, èyí tí kì í yí padà. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìyẹn? Síìmù la fi ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù sì máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan ni, bí agboolé tí gbogbo wọn ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ baálé. Tẹ́ ẹ bá wo inú ráútà yín, tẹ́ ẹ rí i pé àdírẹ́sì tí síìmù fún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí ó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ ti wà lágboolé yẹn nìyẹn. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí Google máa bi yín ṣáá bóyá ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì: ẹlòmíì tẹ́ ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ló ti lọ yọ wọ́n lẹ́nu.

Ni mo bá yá sáfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ní Jámánì tó ní àdírẹ́sì tiẹ̀, mo gbé WireGuard, ètò tó ń ṣe VPN, sórí ẹ̀. Jason Donenfeld ló kọ WireGuard yìí, ó ti wà nínú Linux fúnra ẹ̀, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà, láti 2020, kò wúwo, kò láriwo. Gbogbo ohun tó ń ṣe ò ju pé ó mú lẹ́tà yín, ó tì í bọ inú àpòòwé mìíì, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó wá kọ àdírẹ́sì sáfà Jámánì sẹ́yìn ẹ̀. Ilé iṣẹ́ fóònù tó ń gbé e lọ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tó bá dé Jámánì, sáfà á ya tòde, á fi tinú ránṣẹ́ síbi tó ń lọ lórúkọ ara ẹ̀. Tọ́nẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Ìwé ò ṣeé tẹ̀ mọ́, torí ibi tí mo ti tíìkì pé kí ohunkóhun má gba ẹ̀yìn tọ́nẹ́ẹ̀lì lọ, ó dínà mọ́ printer tó wà níwájú wọn níbẹ̀, tọ́wọ́ lè nà kàn. Ọmọ kan á pa VPN kó lè tẹ̀wé, á gbàgbé láti tan án padà, Lọ́ńdọ̀nù á lé e síta, á wá máa ké pè mí, "Ọ̀gá, kò gba páswọ́ọ̀dù mi mọ́ o."

Mo pe ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó gbowó, ó bá mi ra ráútà tó lè gba OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ráútà, ó gbé tọ́nẹ́ẹ̀lì wọ inú ẹ̀, ó ṣe ping, ìyẹn ìdánwò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, níwájú mi látinú ráútà, ó dé Jámánì ó padà, ó ní "Ọ̀gá, ó ti tán", ó gun ọ̀kadà. Kò tíì dé Sábó tí mo fi rí i pé láàpútọ́ọ̀pù kankan ò ṣí nǹkan kan. Mo pè é títí, fóònù ń dún, kò gbé e.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi tẹ̀ jáde, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí. Pé ráútà fúnra ẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rí i. Láàpútọ́ọ̀pù ọmọ iṣẹ́ mi ń jẹ́ 192.168.1.23, orúkọ inú ilé nìyẹn, àìmọye ilé ló ní irú ẹ̀. Sáfà Jámánì tí mo ní kó máa gba 10.8.0.2 nìkan, ìyẹn ráútà, á wo 192.168.1.23, á ní ta lèyí, á dà á nù láìfọhùn. Oògùn ẹ̀ ni kí ráútà máa fi orúkọ ara ẹ̀ bo gbogbo wọn kí wọ́n tó jáde. Masquerading ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ eégún lóòótọ́, ẹni yòówù kó wà lábẹ́ aṣọ, agọ̀ lará ìta ń rí. Nínú OpenWrt, ẹ wọ Network, ẹ wọ Firewall, ẹ dá zone (ẹkùn) kan sílẹ̀ fún tọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ tíìkì Masquerading, kẹ́ ẹ wá fún lan, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ inú ilé, láyè láti máa gba zone yẹn kọjá. Méjèèjì ni o, ẹyọ kan ò tó. Ẹ sì yọ ọ̀nà tí lan fi ń lọ sí wan, ìyẹn ojú síìmù, kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí tọ́nẹ́ẹ̀lì bá já, gbogbo yín á máa gba ìta lọ, ẹ ò ní mọ̀.

Inú wa dùn fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ni wọ́n bá tún ń pariwo pé Google ń ṣí, WhatsApp ń lọ, àmọ́ àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan kàn ń yí gbirigbiri, fáìlì ohùn ò sì gòkè. Ẹ̀yin á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ni. Ìwọ̀n ẹrù ni. Ẹrù tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ju 1500 báìtì lọ lẹ́ẹ̀kan, àpòòwé WireGuard á gba 60 nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun, á gba 80, ìdí tí MTU ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tó lè gbà, fi máa ń jẹ́ 1420 nìyẹn. Láàpútọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé àpòòwé kankan wà, ó ń di ẹrù ẹ̀ dé 1500, lẹ́tà kékeré ń kọjá, ẹrù ńlá ń há lẹ́nu ihò. MSS clamping, tó ń jẹ́ kí láàpútọ́ọ̀pù di ẹrù ẹ̀ kéré, ni kẹ́ ẹ tíìkì, ẹ̀gbẹ́ Masquerading yẹn náà ló wà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a! Síìmù tèmi tún há ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sọ MTU kalẹ̀ sí 1380 kó tó fara balẹ̀.

Ti DNS, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ ojúlé di nọ́ńbà àdírẹ́sì, ò le, ẹ ṣáà rí i pé ráútà ò lọ máa béèrè orúkọ ojúlé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ṣì máa mọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Èyí tó kù, ẹni tí kì í gbé ibi tí wọ́n ti ń mú iná lọ lè má pàdé ẹ̀ láé. Gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná, tí ínfátà sì kú, tí iná bá wá dé, ráútà á tàn, tọ́nẹ́ẹ̀lì ò ní dìde. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú ò ní bátìrì aago nínú, tó bá kú tó jí, ọjọ́ tí wọ́n tún un tò kẹ́yìn ló máa rò pé òun ṣì wà. WireGuard sì máa ń kọ àkókò sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó fi ń kí sáfà, sáfà ò ní dá ìkíni tí àkókò ẹ̀ bá ti pẹ́ ju èyí tó gbà kẹ́yìn lóhùn, kí olè má baà fi lẹ́tà àná wọlé. Ráútà wá fẹ́ lọ béèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú tọ́nẹ́ẹ̀lì lọ̀nà ẹ̀ gbà, tọ́nẹ́ẹ̀lì náà ní òun ò ṣí àfi tí aago bá pé. Ẹ wo ìjàngbọ̀n! Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún sáfà aago kan ṣoṣo, kó máa gba ojú síìmù lọ tààrà, nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀ ni mo fi síbẹ̀, mi ò lo orúkọ, torí DNS náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì. Látìgbà yẹn, iná lè lọ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́.

Àwọn tó ń sọ fún yín pé tọ́nẹ́ẹ̀lì á dín dátà kù ń parọ́ o, àpòòwé yẹn ń jẹ dátà ni. Kò sì sọ yín di àǹjọ̀nnú, ẹni tó ni sáfà lè rí ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ìdí tí mi ò fi lè fọkàn tán VPN ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ṣì ń yọ mí lẹ́nu ò ju áàpù báńkì mi lọ, tó bá ti rí Jámánì ó ń bínú, ni mo bá ṣe WiFi kejì sórí ráútà kan náà tí kò gba tọ́nẹ́ẹ̀lì, fóònù tèmi nìkan ló ń lò ó. Téélọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ti ń tọrọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀, mo ní kó lọ ra síìmù tiẹ̀ wá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oníṣẹ́ táípù ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn