Ohun tí owó láísẹ́ǹsì yín ń ṣe

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù ọ̀hún, bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. O ní kí ni BBC ń fi owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ń san ní London ṣe. Gbọ́ ẹyọ kan.

Ní oṣù keje 2018, fídíò kan ń jà ràn-ìn káàkiri. Àwọn ṣójà ń da obìnrin méjì lọ, ọ̀kan pọn ọmọ, ọmọdébìnrin kan ń rìn tẹ̀ lé ìkejì. Wọ́n dì wọ́n lójú, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n ní ṣójà Kamẹrúùnù ni, àmọ́ ìjọba Kamẹrúùnù ní irọ́ ni. Ta ló sì fẹ́ polówó ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀?

Àwọn oníròyìn BBC Africa Eye, ẹ̀ka BBC tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Áfíríkà, gbé e. Fídíò tó bá ti orí WhatsApp kọjá kì í gbé ọjọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti yà á dání mọ́, nítorí náà òkè tó hàn lẹ́yìn ni wọ́n dì mú. Wọ́n fi ìlà orí òkè náà wé ti Google Earth, àwòrán ilẹ̀ ayé tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí, kò bọ́ sí i, àfìgbà tí ọmọ Kamẹrúùnù kan ta wọ́n lólobó pé kí wọ́n wo ìtòsí ìlú Zelevet ní Kamẹrúùnù, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ó ku ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ilé kan nínú fídíò kò sí nínú àwòrán sátẹ́láìtì mọ́ lẹ́yìn oṣù kejì 2016. Ògiri kan nínú fídíò náà kò sì tíì sí ní oṣù kọkànlá 2014. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló máa ń hàn. Wọ́n wá wo òjìji àwọn ṣójà nílẹ̀, bó ṣe gùn àti ibi tó dorí kọ, wọ́n fi mọ ibi tí oòrùn wà, ìyẹn ló sì fi ìgbà tó ṣẹlẹ̀ hàn: láàárín 20 oṣù kẹta sí 5 oṣù kẹrin 2015. Ìbọn ọwọ́ ọ̀kan, Zastava M21 láti Sẹ́bíà, kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ológun Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n wọ́n ní in. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, ilé ẹjọ́ ológun rán ṣójà mẹ́rin lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, ìkarùn-ún gba ọdún 2.

Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń gé owó rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Rédíò Lárúbáwá BBC wà láti 1938. Wọ́n tì í ní oṣù kìíní 2023. Oṣù kẹrin ọdún kan náà ni ogun bẹ́ ní Sùdáánì, níbi tí wọ́n ti ń sọ Lárúbáwá. Wọ́n tún sáré gbé ètò pàjáwìrì dé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí short wave, ìgbì rédíò tó ń dé ọ̀nà jíjìn.

Ìwé àṣẹ ọba tí BBC fi ń ṣiṣẹ́ máa parí lópin 2027. Tí o bá kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín nípa rẹ̀, jọ̀ọ́, dárúkọ Zelevet.

Tìrẹ ní tòótọ́,
Wálé