Ẹ da apẹ̀rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó ilé-ẹ̀kọ́ bàálù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí pápá ọkọ̀ òfuurufú Gateway ti wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìperu ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lẹ́nu àwọn òbí ní àdúgbò wa. Ọmọ tí wọ́n ní yóò ṣe dókítà tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí yóò wa bàálù, àwọn kan sì ti ń kó owó èsúsú wọn nítorí rẹ̀. N kò bá wọn jà sí i. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sanwó ọjà yìí láìwo inú rẹ̀.

Ẹnu òwò obì ní Ṣàgámù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti darúgbó. Kò sí ẹni tó lè ta apẹ̀rẹ̀ obì kan fún wọn nítorí pé ojú rẹ̀ dára. Wọn yóò dà á sílẹ̀ lórí ẹní, wọn yóò ṣa mẹ́ta mẹ́rin láti ìsàlẹ̀, wọn yóò sì là wọ́n wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nípa iye owó. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni wọ́n fi owó ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ránṣẹ́ lódindi sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bàálù kan tí wọn kò fojú rí rí, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ẹ̀dínwó yóò wà fún ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọmọ débẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń fò nínú bàálù mẹ́ta tó wà nínú àwòrán wọn, ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sí ibi ẹ́ńjìnnì ọ̀kan nínú méjì tó kù. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀, wákàtí 11 péré ló sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìfò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé bàálù kan ti tó. Kò tó o. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ni gbọ́dọ̀ wọlé fún àyẹ̀wò lẹ́yìn wákàtí 100 tó bá ti fò, gbogbo ọjọ́ tó bá sì fi wà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ìjókòó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa jókòó. Ẹni tí kò bá fò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò ti gbàgbé bí a ṣe ń bà sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì tún sanwó rẹ̀. Ọyẹ́ náà ń dá kún un, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí iwájú kedere kí ó tó gbéra. Ìdí nìyí tí wákàtí 40, èyí tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà bàálù, là kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù fún ìwé àṣẹ aládàáni, tàbí 35 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, fi máa ń kọjá 50 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá pe owó wákàtí 40 fún yín bí ẹni pé ibẹ̀ ni owó parí sí, ẹ bi í léèrè iye wákàtí tí àwọn tó jáde kẹ́yìn lò. Ẹ tún béèrè bóyá owó epo wà nínú rẹ̀, nítorí avgas, ìyẹn bẹntiróòlù ti bàálù, ni ọ̀pọ̀ bàálù kéékèèké ń mu, kì í ṣe epo tó dà bíi kẹrosínì tí àwọn ńlá ń lò, òkè òkun ni ó sì ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ “aládàáni” yìí gan-an ni kò yé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n rò pé tí ọmọ bá ti gbà á, ilé-iṣẹ́ bàálù yóò gbà á síṣẹ́. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ yìí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé 17, lè fi bàálù gbé ìyàwó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé àṣẹ ti oníṣòwò ni a fi ń jẹun, ìyẹn sì ń béèrè ọdún 18 àti wákàtí 200, tàbí 150 fún ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ alákànpọ̀, èyí tí a ń ṣe pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. N kò kẹ́gàn ẹni tó fẹ́ fò fún ìgbádùn. Àwọn tó ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba náà kì í gba owó oṣù lórí ẹṣin. Kí olúkúlùkù ṣáà mọ èyí tó ń rà, kí ó sì sọ ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ọ̀dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnnà bàálù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ. Àyẹ̀wò ìpele kejì tó fún aládàáni, ìpele kìíní ni ti oníṣòwò, ẹni tó bá sì ń lé iṣẹ́ ni kí ó ṣe ìpele kìíní kí ó tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Wọn yóò wo etí, ọkàn àti bí ojú ṣe ń mọ àwọ̀. Ìgò ojú kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí ó bá ṣáà ń fi í ríran dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni kí òbí dìde, kí ó lọ fojú rí ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ti ìjọba wà ní Zaria láti 1964, òmíràn wà ní Ìlọrin, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà sì wà. Kí ó béèrè ìwé ìfọwọ́sí NCAA, kí ó ka bàálù tó gbéra lọ́jọ́ yẹn, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ bá olùkọ́ fò lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gba owó díẹ̀díẹ̀, kí ó padà sílé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ bá wa gba orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àṣẹ wọn ṣì múlẹ̀ lọ́wọ́ NCAA, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá. Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi yóò kà á fún wọn ní ìsọ̀ obì wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìperu-Rẹ́mọ