Ẹ fi omi sínú igbó yẹn ná

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Láti Kàbà ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín, ní ilẹ̀ Òkun, apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú, owó epo àti títì tó bàjẹ́ ló máa ń pọ̀ jù nínú lẹ́tà táwọn èèyàn ń kọ sí yín, tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ igbó ni, igbó tí ò sí níbì kankan láyé àfi lórí páálí táa tẹ́ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan.

Àwa mẹ́jọ la máa ń pàdé lálẹ́ Sátidé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe, láti ṣe géèmù tí wọ́n ń pè ní roleplay. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń lọ nìyí: oníkálukú á mú èèyàn kan, á sọ ọ́ lórúkọ, á máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ oníṣègùn, ó lè jẹ́ ọmọ ọba tó sá nílé, ẹnìkan á wá jókòó bí adarí, òun láá máa sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, tọ́rọ̀ bá sì dé ibi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ bóyá nǹkan tóun fẹ́ ṣe á yọrí, a ó ju dáìsì olójú ogún. Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ làwọn yòókù tò sí. Àwọn òbí kan níbí ti ń rò pé ọ̀rọ̀ awo ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ìtàn la jọ ń pa, bí wọ́n ṣe ń pàlọ́ lójúde nígbà tí iná ò tíì dé, kìkì pé a máa ń kọ tiwa sílẹ̀.

Ayé táa ti ń ṣeré yìí, àwa fúnra wa la dá a. Ẹnìkan ló ni ìlú etí òkun, ẹnìkan ló ni aṣálẹ̀, ọmọ Ògìdì kan nínú wa ló ni àwọn òkè olókùúta, ẹ sì lè fojú inú wo ibi tó ti rí wọn. Èmi ni wọ́n wá fún ní gúúsù, ibi tá ò tíì kọ nǹkankan sí, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di igbó kìjikìji, igbó tó le débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Mo pè é ní Igbó Àìwọ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ náà, mo fi rúlà àti bírò ya ojú onígun mẹ́fà kún páálí bí afárá oyin, ojú kọ̀ọ̀kan dúró fún máìlì mẹ́fà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí da ẹranko burúkú sí i. Ejò olórí méjì níbí, ìnàkí tó ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, igi tó ń jẹ èèyàn, kòkòrò tó tó ajá. Kò sí ojú kan tí ikú ò sí nínú ẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wá kí wa láti Bùnú lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n bá páálí yẹn lórí tábìlì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹ̀ bò ó, wọ́n fi ìka tọ ọ́ láti etí kan dé etí kejì, ìka yẹn ti wọ́ díẹ̀ torí ìbọn tó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi ń kọ́?" Mo ní omi wo, Bàbá? Wọ́n ní, "Gbogbo ẹran tóo kó síbí, kí ni wọ́n ń mu?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n tún ní, "Ejò tóo ní ó ń jẹ èèyàn yìí, ṣé o ní èèyàn kì í wọ igbó náà? Kí ló wá ń jẹ? Ebi á ti pa á kú tipẹ́."

Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ilà kan tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti òkè páálí wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní odò nìyí. Wọ́n ní odò ni kí n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, tó bá yá kí n fi ibi tí ilẹ̀ ti níyọ̀ tí ẹran máa ń wá lá sí i, kí n wá fi igi tó ń so sí i, ìyeyè, òro, àgbálùmọ̀, torí ẹran ò kí ń rìn lásán, láti ibi tó ti ń jẹ sí ibi tó ti ń mu ló ń rìn, ojú ọ̀nà yẹn náà lọdẹ ń lúgọ sí, ibẹ̀ náà lẹkùn ń lúgọ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ìyeyè tó ń rẹ̀ lóṣù yìí ti mọ ibi toúnjẹ wà, ó sì ti mọ ibi tí ikú wà, ibì kan náà ni. Mo fa páálí tèmi ya lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún un bẹ̀rẹ̀ látorí odò.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí gan nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá irú ayé báyìí ti ń pọ̀, mo ń rí wọn lórí WhatsApp àti Discord, tí wọ́n bá sì ti dé orí ọ̀rọ̀ igbó, ohun témi náà ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe: igbó á kàn burú ṣáá, kò ní sí ìdí tó fi burú, kò ní sí onílé níbẹ̀, kò ní sí oúnjẹ níbẹ̀. Igbó tó le gbọ́dọ̀ ní ohun tó mú un le. Ẹ wo bí igbó gidi ṣe ń jà, kì í pariwo. Irù tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní tsetse, òun ló ń kó àrùn ran ẹṣin, ẹṣin á máa rù, kò ní pẹ́ kú, ìdí kan pàtàkì nìyẹn táwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi gbóná ní ọ̀dàn tí wọn ò fi lè rí bẹ́ẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Eṣinṣin ló dá ogun dúró o.

Ẹ tún wo Lọ́kọ́ja tiwa níbí, níbi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé. Ní 1841 àwọn òyìnbó kó ọkọ̀ mẹ́ta gba orí Ọya gòkè wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá oko sílẹ̀ níbẹ̀, ibà dá wọn wó, ó pa púpọ̀ nínú wọn, kò pẹ́ tí wọ́n fi pa oko náà tì. Ajàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò yẹn. Ní 1854 ọkọ̀ míì tún gòkè, Dókítà Baikie ló ṣáájú wọn, Crowther tún bá wọn lọ, wọ́n ń lo kuiníìnì, oògùn ibà, lọ́tẹ̀ yìí, ibà ò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Odò kan náà, ẹ̀fọn kan náà, oògùn kíkorò kan ló wọ àárín. Mo gbé e sínú géèmù bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá sùn sẹ́bàá omi tó dúró, á ju dáìsì, tí ò bá bọ́ síbi tó dáa ibà á mú un, oògùn ẹ̀ sì wà lára èèpo igi kan tó jẹ́ pé ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n létí igbó, kì í tà á, ẹni tó bá mú ìròyìn ọmọ ẹ̀ wá láti ìlú etí òkun ló ń fún.

Oṣù méjì gbáko la fi ṣeré láìbá ẹranko burúkú kankan jà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ Ìsánlú kan wà nínú wa tó ń ṣe jagunjagun, ó ní ẹṣin kan nínú géèmù látìgbà táa ti bẹ̀rẹ̀, ó kó o wọgbó, mo ti kìlọ̀ lẹ́nu àwọn ará abúlé pé ẹṣin ò kí ń pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún un pé ẹṣin náà ò jẹun mọ́, pé egungun ìhà ẹ̀ ti ń yọ, ó mú dáìsì, ó mi í lọ́wọ́ títí, ó jù ú, ó já sí méjì péré, ẹṣin náà kú. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan là ń gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló mú ìwé kékeré kan wá, ó ti ya ibi tó sin ẹṣin náà sí, ó ní ká fi sórí máàpù, ó wà níbẹ̀ di òní.

Ọ̀rọ̀ wá le lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin náà mọ bí igbó wa ṣe dà láyé ìsinsìnyí, àwọn ajínigbé ti sọ ọ́ di ibi ìbẹ̀rù, ẹlòmíì wà ní Yàgbà àti Bùnú tí iṣu ẹ̀ wà nínú ebè tí kò lè lọ wà á. Ẹnìkan nínú wa tí bàbá ẹ̀ ti pa oko tì torí ọ̀rọ̀ yìí dìde, ó ní ká kó iná bọ Igbó Àìwọ̀, ká sun ún ráúráú, kí gbogbo wa sinmi. Mi ò bá a wí, mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Bùnú ló dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, ó ní ìyá àgbà òun máa ń sọ pé nígbà ogun Núpé, òkè àti igbó làwọn èèyàn sá sí tí wọ́n fi yè é. Òótọ́ sì ni, kì í ṣe àlọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin Bídà, olú ìlú Núpé, kó wa lẹ́rú gan láyé ìgbà yẹn, àwọn ìlú wa kan gòkè lọ tẹ̀dó sórí òkè, ó di oṣù Kíní 1897 táwọn ológun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣòwò lórí Ọya, gba Kàbà lọ ṣẹ́gun Bídà kí nǹkan tó yí padà. Igbó tó ń lé àjèjì, òun náà ló ń fi onílé pamọ́. Gbogbo wa jókòó, a ò sun igbó náà.

Ọjọ́ yẹn la fi èèyàn sí i. Àwọn tó sá fún ogun láyé àwọn bàbá ńlá wọn ni, wọ́n ní ọjà tí wọ́n ń ná lóru, wọ́n ń fi àdá sàmì sára igi tó jẹ́ pé ọmọ wọn nìkan ló lè kà á, àwọn ló ń pinnu ẹni tó máa kọjá àti ẹni tó máa ṣìnà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ta kú lórí èyí torí ó ń dùn mí, ọ̀pọ̀ ìwé géèmù tó ń tòkè òkun wá, tí wọ́n bá kọ ará igbó, ẹni tó ń lùlù tó ń jẹ èèyàn ni, kò ní orúkọ, kò ní ìyá, á kàn dúró de àjèjì tó máa wá pa á kó wúrà ẹ̀ lọ, àwọ̀ wa ni wọ́n sì sábà ń kùn ún. Ká wá jókòó ní Kàbà ká máa fọwọ́ ara wa kọ irú ẹ̀? Rárá o.

Ó nílò sùúrù ṣá, kí èèyàn mẹ́jọ jọ kọ́ ibì kan. Ẹnìkan lọ kọ́ ìlú oníwúrà sáàárín igbó mi láìsọ fún mi, inú bí mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun táa fẹnu kò sí ni pé ohun tẹ́nìkan bá ti sọ lójú gbogbo wa ti ṣẹlẹ̀, a ò ní pa á rẹ́, ṣùgbọ́n a lè bi í ní ìbéèrè. Mo wá bi í: àwọn wo ló wa wúrà yẹn, níbo ni wọ́n wà báyìí? Ó ronú, ó ní ibà ló kó wọn lọ. Báyìí ìlú náà wà níbẹ̀, ó ṣófo, ìrókò ti ta gba òrùlé ẹ̀ yọ, òun ni ibi táwọn eléré wa fẹ́ràn jù.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé, Olóòtú wa. Ẹ bá wa wá ààyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kódà kó jẹ́ ìlàjì ojú ewé, kí àwọn ọdẹ, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn adẹ́mu máa sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa igbó fún wa, orúkọ igi bí Òwé ṣe ń pè é, bí Yàgbà ṣe ń pè é, bí Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń pè é, ohun tó ń so lóṣù wo, ẹran wo ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò lè ka gbogbo ẹ̀ fún mi tán, àwọn ẹgbẹ́ wọn ò sì pọ̀ mọ́.

Ojú mọ́kànlá ló ṣì ṣófo lórí máàpù wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n má tíì fi nǹkankan síbi orísun odò yẹn, pé táwọn bá tún wá lásìkò iṣu tuntun, àwọn fẹ́ sọ ohun táwọn bá níbẹ̀ nígbà táwọn wà lọ́dọ̀ọ́ fún mi. Páálí funfun ṣì ni níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Kàbà