Ẹ Yé Pariwo Lé Ọmọ Lórí Kí Ìbọn Tó Dún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń sáré ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí ojú mi ń rí lọ́jọ́ ìdíje kò dáa. Ọmọ ọdún 13 ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ìlà. Ìyá rẹ̀ ń ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, “Má dójú tì wá o!” Kóòṣì ń pariwo pé kó gbé orúnkún sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù dání, ó ń ya fídíò. Ẹ wo èjìká ọmọ náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí kò bá sá ṣáájú ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo nígbà tí ìbọn bá dún. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2010 ni wọn ò ti fún asáré ní ìkìlọ̀ mọ́ nínú eré ìdíje àgbáyé: o sá ṣáájú ìbọn lẹ́ẹ̀kan, o ti jáde nìyẹn.

Kì í ṣe pé kí àyà ọmọ má já. Ara tó ń múra eré ni. Èmi a máa kọ́ wọn láti mí sínú, kí wọ́n wá mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ. Àyà tó ń lù kìkì á rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbọn ọwọ́, gbọn ẹsẹ̀, wo ojú ọ̀nà tiwọn nìkan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bákan náà ni nígbà gbogbo. Bí a bá sì ń gbáradì, mo máa ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde wá lu agolo, kí wọ́n pariwo gidi, kí ariwo má baà jẹ́ àjèjì sí wọn. Ọmọbìnrin kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn débi pé ọ̀pá ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹnìkejì. Ní báyìí, á nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, á mí síta, á wá dúró de ọ̀pá.

Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde níbí tó ń sáré fo igi, ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, ó tún ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje Olympics ní Tokyo lọ́dún 2021. Lọ́dún 2022, nínú ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Kò sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tí gbogbo ayé ti ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ní láti padà sórí ìlà, kó tún dojú kọ igi mẹ́wàá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kan sáárá sí i jù. Ó fò wọ́n, ó gba wúrà.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta okùn, kí òbí má lè dé ìdí ìlà. Kí kóòṣì kan ṣoṣo máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí òun náà sì dákẹ́ bí wọ́n bá ti pe ọmọ náà sórí ìlà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣe ipò ìkẹyìn, ẹ fún un lómi mu, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ọ̀rọ̀ eré di ọjọ́ kejì.

Èmi ni,
Olùkọ́ eré ìdárayá,
Ìjẹ̀bú-Òde.