Gíláàsì ìhà ìwọ̀-oòrùn

Gwagwalada, Abuja

Kúnlé mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti là. Ṣadé bí ìbejì, tọkùnrin tobìnrin. Ilẹ̀ tá a jọ rà ṣì wà níbẹ̀, má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé sáyẹ́ǹsì iléèwé yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Alága ìgbìmọ̀ ti Dubai dé, ó ní gíláàsì ni ká fi bo ìhà ìwọ̀-oòrùn látòkè délẹ̀, kó lè máa dán dé títì. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yìí ni àbí ẹ fẹ́ yan wọ́n?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gíláàsì náà ṣì wà nínú ìwé iṣẹ́.

Ìwọ tó o ya ilé náà mọ ìdí tó o fi kó àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti sítọ́ọ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn aago mẹ́rin ti wálẹ̀, tààrà ló ń wọlé, pẹpẹ orí fèrèsé ò lè dá a dúró. Ti gúúsù rọrùn: lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ṣì ga tó nǹkan bí digírì 58, pẹpẹ kọnkéré tó yọ síta ní mítà 1 á ṣíji bo fèrèsé tó ga ní mítà 1.5 tán.

Wọ́n ní gíláàsì ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá. Irọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kì í sábà wọnú ju ìlọ́po méjì gíga orí fèrèsé lọ. Orí fèrèsé wa wà ní mítà 3, yàrá fẹ̀ ní mítà 9. Mítà 3 tó kù á ṣókùnkùn, àfi ọpẹ́lọpẹ́ fèrèsé tóóró tó o fi sábẹ́ òrùlé, tó kọjú sí àríwá. Òun gan-an ni wọ́n fẹ́ yọ kí owó gíláàsì lè pé!

Mo ti bá wọn jà lórí louvre, torí eruku ọyẹ́ á gba àárín rẹ̀ bo maikirosíkóòpù. Fèrèsé tó ní rọ́bà létí la máa lò. Wọ́n tún fẹ́ so fáànù sí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín kẹ́míkà, kó lè fẹ́ èéfín ásíìdì padà sójú ọmọ ọlọ́mọ. Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ pupa ti ń sán: ọyẹ́ fa omi ara wọn kí símẹ́ǹtì tó mú. Mo ní kí bíríkìlà fi tapólì bò ó, kó máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7.

Jọ̀ọ́, bá mi ya bí oòrùn aago mẹ́rin ṣe máa la gíláàsì yẹn dé orí tábìlì àwọn ọmọ. Fi orúkọ rẹ àti sítáǹpù ibiṣẹ́ rẹ sí i. Ohùn tó bá ti òkè òkun wá ni wọ́n ń gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Má kó gírámà sínú rẹ̀ o, àwòrán ni kó pọ̀.

Èmi ni,
Délé